Jí Tiwa, Jí Tiwọn

Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá jókòó, tí wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí lókè òkun, ojú máa ń tì mí láti dá sí i. Òkè òkun tèmi kò ní òkun nínú. Láti Ìfànyìn, ìlú wa ní Dàhòmì, dé Abẹ́òkúta, ẹni tó bá tètè jí, tí mọ́tò rẹ̀ kò sì bàjẹ́ lọ́nà, lè jẹun àárọ̀ nílé ìyá rẹ̀ kó sì jẹ tọ̀sán lọ́hùn-ún. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tó lọ sí Páríìsì lè sọ pé omi ló dínà mọ́ òun. Kí ni èmi fẹ́ wí? Igi kan tí àwọn aṣọ́bodè gbé dábùú ọ̀nà ní Ìgólò, tí wọ́n ń gbé sókè fún ẹni tó bá kí wọn dáadáa, kò tó àwíjàre fún ọmọ tó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀.

Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Bàbá mi ti kú. Epo pupa ni ìyá mi ń ṣe, èmi ni mo sì ń gun ọ̀pẹ fún un nínú oko wa lọ́nà Ṣáàdá. Nígbà tí mo gba sẹ́tífíkà tán níléèwé Faransé, mo ní iṣẹ́ kíkọ lẹ́tà sára mọ́tò ni mo fẹ́ kọ́, àti pé àwọn ará Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n jù. Kò tíì pẹ́ tí Dàhòmì gba òmìnira nígbà náà. Lẹ́ndepandáǹsì ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, kò sì sí ọ̀dọ́ tí kò rò pé ohun tuntun kan wà níbìkan tó ń dúró de òun. Mo ṣèlérí fún ìyá mi pé bí mo bá ti mọṣẹ́, màá padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé wa. Ó wo ojú mi títí.

"Ta ni yóò máa gun ọ̀pẹ?" ló bi mí.

Mo ní a ó bẹ àwọn ará àdúgbò. Ó mi orí, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ mi, ó sì di gaàrí fún mi. Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní.

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Nàìjíríà ni pé ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wa mọ́tò sí láyé ìgbà yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa. Mo wo apá tí mo mọ̀ kí n tó sọdá títì, ni mọ́tò bá ti apá kejì yọ sí mi, dẹrẹ́bà sì fi èébú bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Nàgó ni wá nílé, Yorùbá ni à ń sọ, òun ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n mo kàn yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ní kí wọ́n ta alimẹ́ẹ̀tì fún mi, ni obìnrin tó ń tajà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìṣáná lò ń wá! Ègùn ni ẹ́, àbí?"

Bí mo ṣe di Ègùn nìyẹn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn jẹ́ Ègùn, aládùúgbò wa ni wọ́n. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba èdè ìyá ẹni lọ́wọ́ ẹni.

Sẹ́tífíkà mi ńkọ́? Mo gbé e fún Ọ̀gá Lámídì, ẹni tí mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Ìwé gidi ni," ó wí. "Kí ló wí?"

Ẹ̀gbẹ́ gáréèjì ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá wà. Àwọn tó ni bọ̀lẹ̀kájà ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ àdúrà tàbí ìhàlẹ̀ síwájú mọ́tò wọn, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń fẹ́. Ọ̀gá gbà pé ọwọ́ tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yóò ṣì í kọ lọ́jọ́ kan, ìtìjú náà yóò sì máa yí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ká lórí táyà. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí a bá ń dúró kí ọ̀dà gbẹ, ó ní eré kan tó ń bá àwa ọmọṣẹ́ ṣe. Àwa méjì ni, èmi àti Mufú. Ọ̀gá á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì lu pákó, á pe lẹ́tà kan tàbí méjì, á ní, "Ẹ wá a!" Olúkúlùkù wa á mú ṣọ́ọ̀kì, á máa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ní lẹ́tà náà nínú. Dísọ́nárì Ọ̀gá, tí èèpo rẹ̀ ti ya, ló ń ṣe adájọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá kéré ni yóò fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ọwọ́ mi rùn ní kẹrosíìnì fún ìgbà pípẹ́. Iléèwé Gẹ̀ẹ́sì ni Mufú lọ, ọ̀rọ̀ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ní ti èmi, orúkọ lẹ́tà pàápàá kò yé mi. Ọ̀gá pariwo "Jí!" lọ́jọ́ kan, mo sáré kọ J gàdàgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. G ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní jí, wọ́n sì ń pe J ní jéè. Faransé yí i padà: J ni jí, G ni jé. ABD Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, J ló ń pè ní jí. Ó pẹ́ díẹ̀ kí etí mi tó yí. Ìgbà tó yí, ó yí pátápátá, inú mi sì dùn pé ohun tuntun ti wọ inú mi. Mi ò bi ara mi léèrè ohun tó jáde kí àyè tó gbà á.

Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ wá ní ọjọ́ tí Ọ̀gá pe W. Mufú ti kọ "water", "window", "cow", ó ń kọ lọ. Èmi dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní W tí mo rántí ní Faransé ni "wagon", ti rélùwéè. Mo kọ ọ́ nítorí ojú tì mí láti fi pákó sílẹ̀ lófo. Ọ̀gá ṣí dísọ́nárì, ó fi ìka wá a lọ, ó dúró.

"Ó wà níbẹ̀," ó wí.

Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ń rò ó pé bí "wagon" bá lè gba bodè kọjá láìpa aṣọ dà, àwọn mìíràn á wà. Wọ́n sì wà: "table", "orange", "village", "courage", "machine", "nation". Mò ń kọ Faransé, dísọ́nárì ń gbà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá pè é, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí pákó kò ní ohùn. Mufú fẹjọ́ sùn.

"Ọ̀gá, Ègùn yìí ń jí ọ̀rọ̀ o!"

"Àwọn Òyìnbó ló kọ́kọ́ jí i lọ́wọ́ ara wọn," ni Ọ̀gá dá a lóhùn. "Lọ fọ búrọ́ọ̀ṣì."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti sọ eré náà di oúnjẹ. Mo máa ń rìn káàkiri gáréèjì, mò ń ka iwájú mọ́tò, mò ń wá ọ̀rọ̀ pamọ́. G àti H tí wọ́n jókòó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í pè ló pẹ́ jù kó tó yé mi. Ta ló ń kọ ohun tí kò ní pè? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ọ̀gá pe àwọn méjèèjì papọ̀, mo kọ "night", mo kọ "light", mo kọ "eight", mo sì fi "neighbour" dé e lórí. Mufú gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí joyè. Mò ń padà lọ síbi tí mò ń sùn ni mo rántí pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì yẹn, mi ò ronú kan ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo dúró lójú ọ̀nà. Adùn ìṣẹ́gun náà di ìkorò lẹ́nu mi.

Ìwọ̀nba ni mo lè pe ilé. Tẹlifóònù kan wà ní pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìfànyìn, ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, Mùsíé ni gbogbo ìlú ń pè é. Mo máa ń rán dẹrẹ́bà sí ìyá mi pé kó wá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Akọ̀wé pọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta ló sọ fún mi pé ohùn wa kì í gba bodè. Ó ní láti Èkó ló ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Páríìsì, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí Dàhòmì, torí pé olúkúlùkù Òyìnbó ló na wáyà tirẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀. Ohùn mi ń rin ìrìn àjò tí ẹsẹ̀ mi kò rìn rí, kó tó dé ibi tí ẹsẹ̀ mi lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ ọ́ fún ìyá mi.

"Ṣé àwọn ará Páríìsì ń gbọ́ ohun tí à ń sọ ni?"

"Bóyá wọ́n ń gbọ́, Ìyá."

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ló ké sí wọn.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ ilé kankan lórí tẹlifóònù mọ́. Bí mo bá bi í pé ta ló ń gun ọ̀pẹ, á ní, "Ọlọ́run ń ṣe é." Bí mo bá bi í pé ṣé ara le, á ní, "A dúpẹ́," ohùn tí ènìyàn fi ń dá àlejò lóhùn. Mo mọ̀ pé ohun kan wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀ torí pé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún mi.

Nígbà tó yá, àkókò fíríìdọ̀mù mi tó. Ọ̀gá Lámídì ní àṣà kan lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dá ọmọṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọṣẹ́ á dúró láàárín èrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Ọ̀gá á sì bèèrè pé, "Ta ló ni ọmọ yìí?" Ẹni tó bí i á dìde, á ní, "Èmi ni mo ni ín." Ìgbà náà ni Ọ̀gá á fa ọwọ́ ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó máa ń sọ pé ọmọ tí a kò bá fà lé ẹnì kan lọ́wọ́, a kò tíì dá a sílẹ̀. Ìyá mi gbọ́dọ̀ wá.

Alájì kan wà tí àwọn bọ̀lẹ̀kájà rẹ̀ ń ná Ìdí-Ìrókò, ní ẹnu bodè Nàìjíríà. Aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn, lẹ́tà kan ṣoṣo tó wà níwájú ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. J ń lọ sí Èkó. G ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta, èmi sì ni mo kọ G náà, funfun tó ní òjìji pupa. Òun ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá fún mi dá kọ. Mo fẹ́ kí ìyá mi gun iṣẹ́ ọwọ́ mi wá. Mo fẹ́ kó sọ ọ́ ní Ìfànyìn.

"Ìyá, ẹ máa rí mọ́tò aláwọ̀ ewé ní Ìdí-Ìrókò. Èyí tó ní lẹ́tà jí níwájú ni kí ẹ wọ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́."

"Lẹ́tà kí ni?"

"Ẹ gbé e fún Mùsíé."

"Alóò, wìí?" Mùsíé ti gbà á.

"Mùsíé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya lẹ́tà kan fún wọn kí wọ́n lè dá a mọ̀. Jí ni."

"Jí?"

"Jí, Mùsíé. Bí ìgbà tí ènìyàn jí lójú oorun."

"Dákọ̀ọ̀, ó yé mi. Jí."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, tó ní, "Ó mà dà bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja." Mo gbọ́ ọ kedere. Ibi tí G ti jọ ìwọ̀ ni mi ò dúró rò.

"Ẹ má bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o, Ìyá," mo tún fi kún un. "Wọ́n á tàn yín. Lẹ́tà yẹn kò ní purọ́ fún yín."

Lọ́jọ́ fíríìdọ̀mù, G wọ gáréèjì, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, ìyá mi kò sí nínú wọn. Dẹrẹ́bà ní òun kò gbé ìyá kankan láti ọ̀dọ̀ wa. A dúró títí oúnjẹ fi ń tutù. Níkẹyìn, Ọ̀gá dìde.

"Ta ló ni ọmọ yìí?"

Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá Mufú, tó wà láàárín àwọn àlejò, wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá aṣọ rẹ̀, ó dìde.

"Èmi ni mo ni ín," ó wí.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó di ọwọ́ mi mú gírígírí bí ẹni pé òun ló bí mi lóòótọ́, mo sì sunkún, gbogbo ènìyàn rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Inú ló ń bí mi sí ìyá mi. Mo rò pé nítorí ọ̀pẹ ni kò ṣe wá. Mo rò pé ó fi ìyà jẹ mí.

Ní wákàtí yẹn, Èkó ni ìyá mi wà, ó jókòó lórí garawa epo tó gbé bọ̀ fún Ọ̀gá, ó ń wo ojú gbogbo ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọjá bóyá èmi ni. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí mo ti ní kó má bèèrè. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú ni àánú rẹ̀ ṣe dẹrẹ́bà J. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n sì dá a padà sí Ìdí-Ìrókò. Orí tẹlifóònù ni mo ti gbọ́ ọ.

"Ọmọ mi, má bínú. Àìmọ̀wé ni. Mo kúkú ti rí Èkó, ó tóbi."

"Ìyá, mọ́tò wo lẹ wọ̀?"

"Aláwọ̀ ewé. Èyí tó ní ìwọ̀ níwájú."

Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìyá, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ṣì í. Jí tiwa kọ́ ni mo pè, jí tiwọn ni. Mùsíé kò..."

"Dákẹ́!" Ó sọ ohùn kalẹ̀. "Àwọn ará Páríìsì ń gbọ́. Ṣé kí wọ́n gbọ́ pé ọmọ mi tó kàwé ṣi lẹ́tà pè ni? Èmi ni mo ṣì í. Ó ti tán."

Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà, ṣùgbọ́n kò ṣe ìrésà kankan fún ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹnikẹ́ni á rò pé ilé ni mo gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Mi ò lọ. Ọ̀gá ti fún mi ní apá kan ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ń wọlé, mo sì ń rí àwáwí tuntun ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ojú rẹ̀ ń bà mí. Ọkàn tó ń dáni lẹ́bi kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá sílé, bẹ́ẹ̀ sì ni bí a bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ẹ̀bi ń pọ̀ sí i.

Ìgbà tí mo lọ nígbẹ̀yìn, mo bá orúkọ tuntun nílé. "Ìyá Èkó" ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá mi, ó sì ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ṣàlàyé fún wọn pé èmi ni mo pe lẹ́tà ní ìpè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, mò ń bo ìyá mi láṣìírí. Mùsíé fúnra rẹ̀ wá, ó ṣí fìlà, ó ní kí n dárí ji òun, òun kò gbọ́ mi dáadáa. Mo ní ó gbọ́ mi. Ó ní rárá, wáyà ni, wáyà kò dáa. Kò sí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n sì tún ń sọ pé ahọ́n mi ti di ti ará Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ṣì ti ń pè mí ní Ègùn.

Mo lọ sí oko. Ẹyìn ti pọ́n, ó ń jábọ́, ó ń jẹrà lábẹ́ ọ̀pẹ. Àwọn ará àdúgbò kò gun ún ju ìgbà díẹ̀ lọ, ìyá mi ti ń ra ẹyìn ẹlẹ́yìn láti fi ṣe epo. Mo so igbà mọ́ ìdí, mo gun ọ̀pẹ kan. Mi ò dé ìdajì tí apá mi fi ń gbọ̀n. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi orí ti ara igi náà títí ojú mi fi gbẹ.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ń fún epo. Mo sọ bí fíríìdọ̀mù ṣe lọ fún un, mo sọ ìbéèrè Ọ̀gá, mo sì sọ ẹni tó dìde. Ó ń fún ihá lọ, kò gbójú sókè.

"Obìnrin rere ni," ó wí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó nu ọwọ́. Ó tẹ́ eérú sílẹ̀ níwájú mi.

"Kọ wọ́n síbí."

Mo fi ìka kọ J, mo kọ G sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ̀ nìyí, mo mọ ìyẹn. Èyí ni ó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ?"

"Òun ni, Ìyá."

"Kí ni Mùsíé ń pè é?"

"Jé."

"Kí ni ìwọ ń pè é?"

Ó nira fún mi láti sọ ọ́. "Jí."

"Kó máa jẹ́ jí," ó wí, ó sì ń fi ìka tirẹ̀ tọ ipa rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ wo ló ní in nínú?"

Mo kọ "neighbour" sínú eérú fún un. Mo ní aládùúgbò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ṣé bó ṣe gùn tó nìyí kí wọ́n tó lè ṣe aládùúgbò ara wọn?"

A rẹ́rìn-ín. Mo rò pé yóò ní kí n dúró. Ká ní ó sọ ọ́ ni, bóyá ǹ bá dúró, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́, èmi náà kò sì dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣèlérí.

Lọ́jọ́ tí mò ń padà, ó sìn mí dé Ìdí-Ìrókò. Àwọn mọ́tò aláwọ̀ ewé tò síbẹ̀. Mo fẹ́ la ẹnu, ó ní kí n dákẹ́. Ó kọjá lára ìwọ̀, ó lọ dúró níwájú lẹ́tà tí mo kọ, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Jí," ó wí. "Òun nìyí. Wọlé."

Lẹ́tà tí mo ní yóò gbé e wá sọ́dọ̀ mi, òun náà ló wá fi mọ mọ́tò tí yóò gbé mi lọ.

Dẹrẹ́bà ń kó ẹrù sókè. Ó rí garawa epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, èyí tí ìyá mi ní kí n gbé fún ìyá Mufú.

"Ta ló ni ín?" ló bèèrè.

Ìyá mi kò wo garawa. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, ó sì pariwo bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Páríìsì:

"Èmi ni mo ni ín!"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Mo wọ mọ́tò.